Bí A Ṣe Ń Yí Fáìlì Fídíò àti Ohùn Padà Kó Lè Ṣí Níbi Tí A Fẹ́

"Kò ṣí" ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ fídíò ní Lagere tàbí Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, máa ń gbọ́ jù lọ. Fídíò ìsìnkú ṣí dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù oníkámẹ́rà, ó dé orí tẹlifíṣàn ilé, ohùn ń jáde, àwòrán ṣókùnkùn. Ìwàásù ọjọ́ Àìkú wọ fóònù, rédíò ọkọ̀ kọ̀ ọ́. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí wọ́n fi fídíò ìgbéyàwó àbúrò òun ránṣẹ́, fáìlì náà sì tó 12 GB. Oníbàárà á na fláàṣì síni, á ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i padà." Kí ẹ tó gba fláàṣì náà, ẹ bi wọ́n pé, "Orí kí lẹ ti fẹ́ wò ó, mà?" Ẹni tí kò bá béèrè èyí, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ṣe, owó ẹ̀ẹ̀kan ló sì máa gbà.

Ibi tó ń lọ

Bó bá jẹ́ fóònù àti WhatsApp ni, MP4 tó ní àwòrán H.264 àti ohùn AAC (ọ̀nà tí wọ́n gbà fún àwòrán àti ohùn pọ̀ nìyẹn, àlàyé ń bọ̀ níwájú) ni kí ẹ ṣe, kí àwòrán fẹ̀ tó 1280×720. Ì báà jẹ́ Android, ì báà jẹ́ iPhone, á ṣí i. Tẹlifíṣàn tó ní ojú fláàṣì fẹ́ irú kan náà, ṣùgbọ́n ẹ lè jẹ́ kó fẹ̀ tó 1920×1080. Rédíò ọkọ̀, MP3. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọkọ̀ òun ń gba M4A, ẹ ṣe MP3 fún un bákan náà, nítorí ó máa yá ẹlòmíì ní fláàṣì yẹn lọ́la.

Ẹ̀rọ DVD tó wà nílé àwọn àgbà yàtọ̀: MPEG-2 ló ń jẹ, 720×576, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí ètò tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní PAL ni a ń lò ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà tó ń kọ DVD nìyẹn, n kò ní fà á gùn níbí. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n fẹ́ tọ́jú fídíò náà fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni, ẹ má yí ojúlówó padà rárá. Ẹ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ewé àti mọ́ín-mọ́ín

Lẹ́tà tó kẹ́yìn orúkọ fáìlì, .mp4, .avi, .mov, .mkv, kò sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mọ́ín-mọ́ín kan náà lè wà nínú ewé, nínú agolo tàbí nínú ọ̀rá. Ewé lásán ni .mp4. Ohun tó wà nínú ewé ni àwòrán àti ohùn tí wọ́n ti fún pọ̀ kó má baà tóbi jù, ọ̀nà tí wọ́n gbà fún un pọ̀ ni à ń pè ní codec. Ẹ̀rọ kan lè mọ ewé kó má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí tẹlifíṣàn kan náà fi ń ṣí MP4 kan tí kì í ṣí òmíràn.

Àwọn ewé tí ẹ máa bá pàdé: AVI ti Microsoft, tó ti wà láti 1992, MOV ti Apple, MP4, tí gbogbo ayé ń lò báyìí, MKV, tó ń gba fẹ́rẹ̀ẹ́ ohunkóhun, 3GP, ti àwọn fóònù tó kọ́kọ́ ní kámẹ́rà, VOB, tó wà nínú DVD, àti MTS, ti kámẹ́rà fídíò Sony àti Panasonic tí ẹ ń rí lóde ìnáwó. Ní ti codec àwòrán, méjì péré ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú. H.264 jáde ní 2003, ekukáká la fi ń rí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ọ́n. H.265, tí wọ́n tún ń pè ní HEVC, jáde ní 2013. Ó lè fi nǹkan bí ìdajì ààyè gbé àwòrán tó mọ́ bákan náà, ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn àtijọ́ àti kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Láti 2017 tí iOS 11 ti dé, iPhone 7 àti àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ lè gba fídíò sílẹ̀ ní HEVC. Nítorí náà, fídíò tó bá ń sọ̀rọ̀ láìní àwòrán lórí tẹlifíṣàn, HEVC ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bí àwòrán bá wà tí ohùn kò jáde, ẹ wo codec ohùn. Kámẹ́rà tó ń ṣe MTS sábà máa ń gba ohùn ní AC-3, ọ̀pọ̀ fóònù kò sì gbọ́ AC-3.

Ẹ má ṣe fojú wọ́n ọn. Ẹ ṣí fáìlì náà nínú VLC, kí ẹ tẹ Ctrl+J. Á sọ codec àwòrán, codec ohùn, fífẹ̀ àwòrán àti iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún yín. MediaInfo, òun náà ọ̀fẹ́, sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ ewé àti ohun inú rẹ̀ ló ń dín wàhálà kù. Bó bá jẹ́ ewé nìkan ni ẹ̀rọ kò mọ̀, ẹ pààrọ̀ ewé: kò pẹ́, ohunkóhun kò sì sọnù nínú àwòrán. Bó bá jẹ́ ohun inú rẹ̀ ni kò mọ̀, tàbí tó tóbi jù, nígbà náà lẹ máa tún un sè: á gba àkókò, kọ̀ǹpútà á gbóná, díẹ̀ á sì dín nínú mímọ́ àwòrán. Ọ̀pọ̀ fáìlì tí àwọn ènìyàn ń fi odidi òru tún sè ló jẹ́ pé ewé nìkan ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Sọ́fítíwíà wo?

Mẹ́rin, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn: HandBrake fún títún fídíò sè, FFmpeg fún pípààrọ̀ ewé àti iṣẹ́ kíákíá, Audacity fún ohùn, VLC fún àyẹ̀wò. Ẹ gbà wọ́n ní ibùdó tiwọn gan-an: handbrake.fr, ffmpeg.org, audacityteam.org, videolan.org. Ibòmíràn tó bá ń gbé orúkọ wọn kiri lè so fáírọ́ọ̀sì mọ́ ọn fún yín.

Àwọn ibùdó kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń báni yí fáìlì padà láìsí sọ́fítíwíà. Ẹ rò ó wò: fídíò 2 GB, ẹ máa fi dátà gbé e lọ, ẹ tún máa fi dátà gbé e bọ̀. Àti pé fídíò ìkómọ ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tó yẹ ká gbé sọ́dọ̀ àjèjì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Pípààrọ̀ ewé pẹ̀lú FFmpeg

FFmpeg kò ní ojú tí à ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ la fi ń pàṣẹ fún un. Èyí ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá, bẹ́ẹ̀ àṣẹ mẹ́rin-márùn-ún péré ni ẹ nílò, ẹ sì lè kọ wọ́n sínú ìwé kan kí ẹ máa dà wọ́n kọ. Lórí Windows, ẹ gba fáìlì zip rẹ̀ nípasẹ̀ ìjápọ̀ tí ffmpeg.org fi síbẹ̀, ẹ tú u, ẹ wọ inú fódà "bin", ẹ da ffmpeg.exe kọ sínú fódà tí fídíò yín wà. Nínú fódà náà, ẹ tẹ ibi tí àdírẹ́sì fódà wà lókè, ẹ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ẹ kọ cmd, kí ẹ tẹ Enter. Ojú dúdú kan á ṣí. Ibẹ̀ lẹ máa kọ àṣẹ sí.

Fún MOV tàbí MKV tó ti ní H.264 àti AAC nínú, tí ẹ kàn fẹ́ kó di MP4:

ffmpeg -i igbeyawo.mkv -c copy igbeyawo.mp4

"-i" ń tọ́ka sí fáìlì tó ń wọlé. "-c copy" túmọ̀ sí pé kó da ohun inú rẹ̀ kọ bó ṣe wà, kó má tún un sè. Orúkọ tó gbẹ̀yìn ni fáìlì tuntun. Fídíò wákàtí kan lè parí kí ẹ tó rí omi mu.

Fún MTS láti kámẹ́rà òde ìnáwó, ọ̀rọ̀ ohùn AC-3 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wọlé. Ẹ fi àwòrán sílẹ̀, ohùn nìkan ni kí ẹ tún sè:

ffmpeg -i 00001.MTS -c:v copy -c:a aac -b:a 160k isinku.mp4

Kámẹ́rà yìí kì í fi gbogbo ayẹyẹ sínú fáìlì kan. Káàdì tó wà ní FAT32 (ètò tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí káàdì tàbí fláàṣì) kò lè gba fáìlì tó ju 4 GB lọ, nítorí náà kámẹ́rà á gé e sí 00000.MTS, 00001.MTS, 00002.MTS. Bí ẹ bá yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan tí ẹ wá ń tò wọ́n, ohùn lè já díẹ̀ ní ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, bóyá ní àárín àdúrà gan-an. Ẹ kọ́kọ́ so wọ́n. Ẹ ṣí Notepad, ẹ kọ orúkọ wọn báyìí, ẹ fi pamọ́ sínú fódà kan náà ní akojo.txt:

file '00000.MTS'
file '00001.MTS'
file '00002.MTS'

Lẹ́yìn náà:

ffmpeg -f concat -safe 0 -i akojo.txt -c:v copy -c:a aac -b:a 160k isinku.mp4

Bó bá sì jẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré ni oníbàárà fẹ́ nínú fídíò wákàtí mẹ́ta, irú bí ìgbà tí ìyàwó ń wọlé, ẹ gé e láìtún un sè:

ffmpeg -ss 00:41:00 -to 00:43:00 -i igbeyawo.mp4 -c copy iyawo.mp4

Gígé lọ́nà yìí lè bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ṣáájú ibi tí ẹ tọ́ka sí, nítorí ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí odidi àwòrán wà. Ẹ fún un láyè díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Títún sè pẹ̀lú HandBrake

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tó wọ́pọ̀. Ọjọ́ Ọlọ́jọ́ ti kọjá, Ọọ̀ni ti dé Adé Àrè, wọ́n ti lọ sí Òkè Mògún. Àwọn ọmọ ilé kan fi oríṣiríṣi fóònù ya fídíò ní Ẹnuwá: iPhone ẹnì kan gbà á ní HEVC, Android ẹnì kejì gbà á ní 4K, tó fẹ̀ ju 1080 lọ. Wọ́n fẹ́ kó ṣí lórí tẹlifíṣàn bàbá wọn, kí wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé tó wà lẹ́yìn odi.

1. Ẹ ṣí HandBrake, ẹ tẹ "Open Source", ẹ yan fáìlì. Bó bá pọ̀, ẹ yan odidi fódà.

2. Ní "Preset", ẹ yan Fast 1080p30 fún tẹlifíṣàn, Fast 720p30 fún fóònù. Ẹ má ṣe yan èyí tó fẹ̀ ju ojúlówó lọ. Fídíò 3GP tó fẹ̀ tó 320×240, ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 1080, kò ní mọ́ sí i. Ó kàn máa gba àyè ni. Oníbàárà tó bá ní "ẹ bá mi sọ ọ́ di HD", ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un.

3. Lójú "Summary", Format gbọ́dọ̀ jẹ́ MP4. Ẹ fi àmì sí "Web Optimized" bí fáìlì náà bá ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń gbé àkọsílẹ̀ inú fáìlì wá síwájú, kó lè máa ṣeré kó tó wọlé tán.

4. Lójú "Filters", ohun tó yẹ kó kàn yín ni Deinterlace. Kámẹ́rà àtijọ́ àti DVD máa ń gba àwòrán ní ìlà-ìlà. Lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹnì kan bá ń jó, ẹ máa rí eyín-eyín létí aṣọ rẹ̀. Ẹ yan Decomb. Ti fóònù kò nílò rẹ̀.

5. Lójú "Video", Encoder gbọ́dọ̀ jẹ́ H.264 (x264). Ibi yìí ni Quality wà, nọ́ńbà tí wọ́n pè ní RF. Nọ́ńbà tó kéré máa ń mú àwòrán tó mọ́ jáde, fáìlì á tóbi. Èyí tó pọ̀ máa ń dín ìwọ̀n kù, àwòrán á máa ṣá. Fún 1080, láti 20 dé 24. Fún 720, láti 19 dé 23. Fún fídíò kékeré bíi ti DVD, láti 18 dé 22. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 22. Ibi tí aṣọ òkè àti aṣọ ẹbí pọ̀ sí, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń rìn, tí eruku ń sọ, àwòrán irú èyí ṣòro láti fún pọ̀. RF 24 tó ń mú ìwàásù lórí pèpéle dára lè ba ojú agbo Ọlọ́jọ́ jẹ́. Mo máa ń lo 21 fún ọdún àti ìjó, 24 fún ẹni tó dúró sójú kan tó ń sọ̀rọ̀.

Fóònù kì í gba àwòrán ní iye kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí òkùnkùn bá wà, iye náà á dín kù. Bí ẹ bá máa gbé fídíò náà sínú sọ́fítíwíà tó ń tò fídíò, ẹ yan "Constant Framerate". Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu á máa mì ṣáájú ọ̀rọ̀ bí fídíò ṣe ń gùn sí i.

6. Lójú "Audio", AAC, Stereo, 128 tàbí 160 (kilobit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí ni à ń pè ní bitrate). Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

7. Ẹ má tíì tẹ Start. Ní "Range", ẹ yan Seconds, kí ẹ kọ 600 dé 660, kó lè ṣe ìṣẹ́jú kan péré láti àárín. Ẹ gbé ìṣẹ́jú kan náà lọ sórí tẹlifíṣàn tàbí fóònù tí wọ́n máa fi wò ó. Bó bá ṣí, tó mọ́, tí ohùn bá ẹnu mu, ẹ dá Range padà sí odidi, kí ẹ wá tẹ "Start Encode". Ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan yẹn, ẹ fi iye ìṣẹ́jú fídíò sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ti mọ bí odidi rẹ̀ á ṣe tóbi tó.

Bí fáìlì bá pọ̀, "Add to Queue" lẹ máa tẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa tẹ̀lé ara wọn. HandBrake sì lè pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ nígbà tó bá parí, ó dára fún iṣẹ́ òru.

Nínú Encoder, ẹ lè rí QSV ti Intel tàbí NVENC ti Nvidia. Wọ́n yára gan-an, ṣùgbọ́n fún mímọ́ kan náà, fáìlì wọn máa ń tóbi ju ti x264 lọ. Bí oníbàárà bá dúró síwájú yín, ẹ lò wọ́n. Bó bá di ọ̀la kó tó wá gbà á, x264.

Bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́

Èyí kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ níbi tí iná kì í lọ. MP4 máa ń kọ àkójọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí tán. Bí iná bá lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, fáìlì á wà níbẹ̀, á tóbi, kò sì ní ṣí. MKV kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ibi tó bá dé kí iná tó lọ sábà máa ń ṣeé wò. Nítorí náà, fún iṣẹ́ tó máa gba wákàtí, ní Format ẹ yan MKV dípò MP4. Bó bá parí láyọ̀, ẹ pààrọ̀ ewé sí MP4 pẹ̀lú àṣẹ àkọ́kọ́ tí mo kọ lókè. Bí iná bá sì lọ, ẹ rí ibi tó dé, ẹ fi Range bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ so méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú akojo.txt, ṣùgbọ́n ètò kan náà ni kí ẹ lò fún méjèèjì.

Ẹni tó ń fi bátìrì láptọ́ọ̀pù nìkan ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ pé títún sè ń lo gbogbo agbára kọ̀ǹpútà. Bátìrì tó ń gbé ìwé kíkọ fún wákàtí mẹ́ta kò ní gbé èyí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù nígbà iṣẹ́ yìí; ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi jáde.

Bó bá gbọ́dọ̀ wọ ibi tó ní ìwọ̀n

Nígbà míì, ìwọ̀n ni wọ́n máa sọ: "Kó má ju 1 GB lọ." RF kò lè ṣèlérí ìyẹn. Ẹ ṣe ìṣirò. 1 GB jẹ́ nǹkan bí 8,000,000 kilobit. Ìsìn wákàtí méjì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 7,200. Ẹ pín èkíní sí èkejì, ẹ máa rí nǹkan bí 1,111. Ẹ yọ 128 ti ohùn kúrò, ó ku 983. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ewé, ẹ lo 950. Nínú HandBrake, dípò RF, ẹ yan "Avg Bitrate", ẹ kọ 950, ẹ fi àmì sí Multi-Pass tàbí 2-Pass bí ẹ̀dà yín ṣe pè é. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ka fídíò náà, á fi dátà púpọ̀ síbi tí ìjó wà, díẹ̀ síbi tí nǹkan dúró. Ní 950, 720 ni kí ẹ lò, ẹ má lo 1080.

Ohùn

Láti yọ ìwàásù tàbí wáàsí kúrò nínú fídíò di MP3:

ffmpeg -i iwaasu.mp4 -vn -c:a libmp3lame -b:a 64k -ac 1 -ar 44100 iwaasu.mp3

"-vn" ní kó fi àwòrán sílẹ̀. "-ac 1" sọ ọ́ di mono, ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo. Ẹni kan tó ń sọ̀rọ̀, mono 64 tó o. Wákàtí kan á jẹ́ nǹkan bí 29 MB. Ní 128, á di 58 MB. WAV, ohùn tí wọn kò fún pọ̀ bíi ti CD, wákàtí kan náà á jẹ́ nǹkan bí 635 MB, nítorí náà ẹ má fi WAV ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí dátà.

Ṣùgbọ́n ẹ má lo 64 fún ìlù. Ohùn tó ga ni MP3 máa ń kọ́kọ́ gé kúrò bí bitrate bá kéré, ṣaworo tó wà lójú ìyá ìlù sì wà lára ohùn tó ga yẹn. Ní 64, ṣaworo á dà bí omi tó ń ṣàn lórí páànù. 192 sókè ni kí ẹ lò, stereo, kí ẹ yọ "-ac 1" kúrò. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì náà bẹ́ẹ̀.

Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp máa ń jẹ́ Opus. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ di MP3, ẹ kó wọn sínú fódà kan, kí ẹ kọ:

for %f in (*.opus) do ffmpeg -i "%f" -c:a libmp3lame -b:a 64k "%~nf.mp3"

Á ṣe gbogbo wọn tẹ̀léra. Bí ẹ bá kọ àṣẹ yìí sínú fáìlì .bat, ẹ sọ % kọ̀ọ̀kan di méjì. Ẹ má sì sọ MP3 64 di 320 kó lè "dùn sí i". Ohun tó ti lọ kò ní padà wá.

Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́

Nílé-Ifẹ̀, àwọn ilé kan ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì oríkì, rárà tàbí ohùn bàbá àgbà nínú àpótí. Ẹ kọ́kọ́ fọ́ ike kékeré tó wà lókè kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan míì lé e. Ẹ wì í síwájú títí dé òpin, kí ẹ wì í padà, kí okùn rẹ̀ lè tú. Ẹ fi wáyà so ojú etí-gbọ́rọ̀ rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kò ní ojú line-in (ibi tí ohùn ń gbà wọlé), ẹ ra adápítà USB tó ní i.

Nínú Audacity, ẹ lo 44100 Hz, stereo. Ẹ ṣeré kásẹ́ẹ̀tì náà ní ibi tí ohùn ti ga jù, kí ẹ dín ohùn rédíò kù títí ìlà tó ń fi bí ohùn ṣe ga tó hàn kò fi ní kọjá -6 dB. Bó bá kan òkè, ohùn á fọ́, kò sì sí àtúnṣe. Wákàtí kan ni kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan máa gbà. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Ẹ fi WAV pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ojúlówó, kí ẹ tó yọ MP3 fún àwọn ẹbí.

Fún ariwo "shiii" abẹ́ rẹ̀, ẹ yan ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, ẹ wọ Noise Reduction, ẹ tẹ "Get Noise Profile". Ẹ wá yan gbogbo rẹ̀, ẹ dín in kù ní 6 dé 12 dB. Ẹ fi ariwo díẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pa gbogbo rẹ̀, ẹ máa pa ohùn bàbá náà mọ́ ọn.

Orúkọ fáìlì, fláàṣì, ìfiránṣẹ́

Bó ṣe dùn mọ́ wa tó láti kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, ẹ má kọ àmì sórí orúkọ fáìlì tó ń lọ sí rédíò ọkọ̀ tàbí tẹlifíṣàn. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ẹ àti ọ, àpótí kékeré tàbí àmì ìbéèrè ni wọ́n máa fi hàn. "isinku_mama_2024.mp4" ló dára. Ìlà ìsàlẹ̀ dípò àlàfo, nítorí orúkọ tó bá ní àlàfo, ẹ gbọ́dọ̀ fi àmì "" yí i ká nínú FFmpeg.

Lórí WhatsApp, fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ bíi fídíò, ó máa tún un sè fúnra rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe lórí RF á sì ṣòfò. Ẹ tẹ Document, ẹ yan fáìlì náà láti ibẹ̀. Á gba fáìlì tó tó 2 GB, á sì dé bó ṣe kúrò lọ́wọ́ yín.

Fláàṣì: FAT32 ni ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn àti rédíò ọkọ̀ mọ̀. Ẹ da ohun inú rẹ̀ kọ síbòmíràn kí ẹ tó format rẹ̀. FAT32 kò sì ní gba fáìlì tó ju 4 GB lọ, kódà bí fláàṣì bá jẹ́ 32 GB. Á kàn sọ fún yín pé fáìlì tóbi jù. Tí fídíò bá kọjá ìyẹn, ẹ fi Range pín in sí apá kìíní àti apá kejì níbi tí ọ̀rọ̀ ti parí, kì í ṣe ní àárín orin. Kí ẹ tó fún oníbàárà, ẹ ṣí i láti orí fláàṣì náà gan-an, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí, ẹ tẹ Eject, kí ẹ tó yọ ọ́.